ÒṢÙKÁ, AMÙ ÀTI Ẹ̀KỌ́ FÍSÍÌSÌ

Ìjiyàn kan ń lọ lọ́wọ́ láàárín àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì àti àwọn olùkọ́ wa, ó sì yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa gbọ́ sí i, nítorí ó kan èdè wa, ó sì kan àwọn àbúrò wa tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan ní bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ilé-ìwé gíga ní físíìsì, kí a mú òfin, kí a mú ìṣirò, kí a tò wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti tò wọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ odó, ọ̀rọ̀ ìkòkò àti ọ̀rọ̀ kànga, ọ̀rọ̀ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Àwọn mìíràn, èmi sì ń bẹ nínú wọn, ní ẹni tí kò bá rí òfin náà nínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́ lójoojúmọ́ kò ì tíì rí i rárá. Àwọn àgbà ṣáà ti wí i pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ṣùgbọ́n òwe nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́ yìí, nítorí àwọn tí ó wà ní ìhà kejì náà ní òwe lẹ́nu. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni n óò sọ.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò fún sáà kan, ní ilé-ìwé girama kan ní ìlú kékeré kan tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Yàrá tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ní tẹmómítà mẹ́ta, òṣùwọ̀n àsokọ́ méjì, àti àpótí kan tí bátìrì inú rẹ̀ ti ṣomi tipẹ́. Kíláàsì kìn-ín-ní ní girama àgbà ni wọ́n fi mí sí. Ní òpin sáà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ náà yóò kọ orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé dé ìdánwò àṣekágbá, èyí tí yóò túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá fi físíìsì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti fi iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà àti iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo débẹ̀, ó lé ní ìdajì nínú wọn tí ó ti pinnu láti fi í sílẹ̀. Nínú àwọn ọmọbìnrin, ẹni méjì péré ni ó ní òun ń rò ó bóyá òun yóò dúró. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀kan dáhùn pé, “Sà, nǹkan àwọn òyìnbó ni.” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, bí ó ti rí lójú rẹ̀ ni ó wí i.

Nítorí náà òṣùká ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí olúkúlùkù mú òṣùká kan wá láti ilé, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, òṣùká alákìísà wà, ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ wà, ẹnì kan tilẹ̀ ká aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ wá. A gbé garawa omi kan sílẹ̀, èyí tí ó gba lítà 20. Lítà omi kan wọ̀n kílógíráàmù kan, nítorí náà omi inú garawa yẹn wọ̀n kílógíráàmù 20, ilẹ̀ sì ń fi ipá tí ó tó níútọ̀n 200 fà á wálẹ̀. Bí a bá gbé e sórí láìsí òṣùká, orí ènìyàn rí roboto, ìdí garawa sì tẹ́jú. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kò fẹ̀ ju ojú owó ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 4. Ẹ pín 200 sí ọ̀nà 4, níútọ̀n 50 ni yóò bọ́ sórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní àtàrí ẹni. A wá fi eérú èédú pa ìdí òṣùká, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tí a fa ìlà wẹ́wẹ́ sí, a gbé garawa lé e, lẹ́yìn náà ni a ka ojú tí ó dúdú lórí ìwé náà. Ó tó 80. Ẹrù kan náà ni, orí kan náà ni, ṣùgbọ́n 50 ti di 2 àti ààbọ̀. Omi kò fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òṣùká kàn tú ìpàdé náà ká ni.

Lẹ́yìn èyí, n kò tún ní láti sọ púpọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ìdí tí ẹnu àdá fi ń gé igi tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gé e, ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń wọ aṣọ, àti ìdí tí okùn ọ̀rá tín-ín-rín fi ń dun ọwọ́ ẹni tí ó gbé ìrẹsì bọ̀ láti ọjà. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ní ìdí nìyẹn tí táyà katakata tí ń túlẹ̀ fi gbòòrò. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yé e ju bí ìwé ti kọ ọ́ lọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí mọ̀ pé nínú físíìsì, iṣẹ́ kì í ṣe làálàá. Ipá ni a ó mú, a ó fi ọ̀nà tí nǹkan náà rìn sọ ọ́ di púpọ̀, ṣùgbọ́n ìrìn tí ó bá kọjú sí ìhà kan náà pẹ̀lú ipá nìkan ni a ń kà. Ẹni tí ó fa omi láti inú kànga ṣiṣẹ́ lórí omi náà. Ẹni tí ó gbé ẹrù láti ilẹ̀ sí orí ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù ti wà lórí rẹ̀, tí ó sì ń rìn lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ipá rẹ̀ kọjú sókè, ìrìn rẹ̀ kọjú síwájú. Ìwé ní kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí ẹrù náà.

Ọmọbìnrin kan dìde. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó ní òun ń rò ó ni. Ẹ̀kọ ni ìyá rẹ̀ ń tà, ní ọjọ́ ọjà a sì máa ru ú rin máìlì mẹ́ta kí ó tó dé ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ohun tí ẹ ń wí ni pé ìyá mi kì í ṣiṣẹ́?”

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo rí i pé ohun tí ó ń béèrè ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lọ. Bí mo bá ní kò ṣiṣẹ́, físíìsì ti purọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọmọ gidi tí yóò fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sì ní kí a gbé ìwé tì, irọ́ ni èmi náà pa fún wọn. Mo ní kí ó bọ́ síwájú, kí ó na apá rẹ̀ gbọọrọ, kí ó di ìgò omi ńlá kan mú láìgbé ẹsẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo gbé ìgò náà lé orí tábìlì. Mo ní, “Tábìlì yìí yóò gbé e títí di ọdún tí ń bọ̀, kò ní jẹun, kò ní làágùn. Ìgò náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ àti tábìlì. Ohun kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ṣe fún un. Ṣùgbọ́n ara rẹ mọ̀ ọ́n.” Iṣan ara ènìyàn kì í dúró gbagidi bí igi tábìlì. Àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ ń sún kì, wọ́n ń tú, wọ́n tún ń sún kì, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì sún kì ni wọ́n ń jẹ nínú oúnjẹ tí a jẹ. Kò sí èyí tí ó wọ inú ẹrù lọ nínú rẹ̀. Ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà, ìdí nìyẹn tí òógùn fi ń bọ́. Ohun tí ó wọ inú ẹrù ni ìwé ń kà. Ohun tí ó jáde lára ìyá ẹni ni ìyá ẹni ń kà. Ìwé ìṣirò méjì ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Mo bá tún sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà fún wọn. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ kan kọ ìròyìn sínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu tí ó ń ru ẹrù láti kékeré. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí àwọn obìnrin náà ń lò bí wọ́n ti ń rìn, nítorí iye ọ́síjìn tí ara lò ni a fi ń mọ iye oúnjẹ tí ó jó. Wọ́n rí i pé bí ẹrù náà kò bá ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara wọn lọ, ọ́síjìn tí wọ́n lò kò yàtọ̀ sí ti ìgbà tí wọn kò ru nǹkan kan. Ẹni tí ó wọ̀n kílógíráàmù 60 ń ru kílógíráàmù 12 lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹnu ya àwọn tí ó kà á. Ó di ọdún 1995 kí wọ́n tó ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń rìn, ara rẹ̀ dà bí nǹkan tí a so rọ̀ tí ó ń fì síwá sẹ́yìn: bí ó bá gòkè díẹ̀ a dẹ eré, bí ó bá sọ̀ díẹ̀ a tún gba eré rẹ̀ padà. Díẹ̀ a máa ṣòfò nínú pàṣípààrọ̀ yìí ní gbogbo ìgbésẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá wà lórí àwọn obìnrin wọ̀nyí, èyí tí ó ń ṣòfò ń dín kù ni. Kí n má baà fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́, mo sọ fún wọn pẹ̀lú pé ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2010 láàárín àwọn obìnrin Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà kò rí irú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ń rí i, ẹlòmíràn kò rí i. Ìjiyàn náà ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í dúró sí kíláàsì. Ní ọjọ́ kẹta ni ìyá náà fúnra rẹ̀ yọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ lórí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, wọ́n ní ẹ ní n kì í ṣiṣẹ́.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ìwé kan ni ó fẹ́ wí bẹ́ẹ̀, ẹ wá bá wa gbà á lẹ́nu rẹ̀.” Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó rìn já pápá bọ́ọ̀lù kí àwọn ọmọ wò ó, kò sì kọ̀. Mo ní kí wọ́n má wo ẹsẹ̀ rẹ̀, etí abọ́ náà ni kí wọ́n wò, kí wọ́n fi í wéra pẹ̀lú orí ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Abọ́ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan gbé e rù, abọ́ sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ọmọ tí a pọ̀n tí kò fẹ́ sùn. Ìyá ní, “Ẹsẹ̀ ni kí ó máa rìn, kí orí má mọ̀. Ẹni tí ó bá ń rìn bí ewúrẹ́, ọrùn rẹ̀ ni yóò san gbèsè.” Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. 

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ni ó gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ èdè, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa fi ọkàn sí. Ọ̀pọ̀ ní èdè Yorùbá kò lè gbé físíìsì nítorí ‘agbára’ nìkan ni a ní, tí àwọn òyìnbó sì ní orúkọ mẹ́ta fún ohun mẹ́ta. N kò gbà. Àwọn ọmọ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí pé kò rí bẹ́ẹ̀. A ní ‘ipá’, èyí tí a fi ń ti nǹkan tàbí tí a fi ń fà á. A ní ‘okun’, èyí tí ó wà nínú ẹni tí ó jẹun yó, tí ó sì ń tán bí a ti ń lò ó. A sì ní ‘agbára’. Bí ẹni méjì bá gún iyán nínú odó kan náà, tí iyán wọn sì kúnná bákan náà, okun tí wọ́n ná dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ parí ni a ń pè ní alágbára. Bí a bá fi wọ́n sí ipò wọn, tí a kò jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ ara wọn ṣe, mẹ́ta náà nìyẹn. Ní ẹnu ọjà a máa ń lò wọ́n pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé àwọn òyìnbó kì í lo tiwọn pọ̀ lẹ́nu ọjà ni? Àwọn onímọ̀ èdè wa ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984. Ní ti sáyẹ́ǹsì, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bá dúró. Ta ni yóò kọ ti girama?

Ọyẹ́ mú gidigidi ní ọdún yẹn, mo sì rò pé bí ọyẹ́ kò bá mú, n kì bá tí lè kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ooru bí ó ti yẹ. A gba amù kan ní ilé ìyá arúgbó kan, a gbé e sí abẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ọlọ́rá kan, a pọn omi kan náà sínú méjèèjì, a sì ti tẹmómítà bọ̀ wọ́n. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi amù a máa tutù. Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ooru rẹ̀ ń lọ. Amù ń làágùn. Omi ń yọ́ gba inú amọ̀ jáde, ó ń di èémí, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, kò sì lè lọ lọ́wọ́ òfo. Gíráàmù omi kan tí ó bá fẹ́ di èémí yóò gba ooru tí ó tó júùlù 2,400, ara omi tí ó kù ni yóò sì ti gbà á. Kí a tó lè fi ìwọ̀n márùn-ún mú omi lítà 10 tutù, ooru tí a ó mú kúrò jẹ́ nǹkan bí júùlù 210,000. Ẹ pín in. Kò ju gíráàmù 88 lọ, omi tí kò kún ife tíì kan! Nítòótọ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fún amù náà ní ooru padà, nítorí náà ó ń làágùn ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè tutù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò yé sọ ọ̀rọ̀ ife tíì yẹn. Omi inú kẹ́ẹ̀gì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rá kì í làágùn.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a tún un ṣe, omi amù kò sì tutù tó ti àkọ́kọ́, nítorí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò fẹ́ gba púpọ̀ mọ́. Olùkọ́ kan wà ní apá Àríwá orílẹ̀-èdè wa, Mohammed Bah Abba, ọmọ ìdílé amọ̀kòkò, tí ó fi ọgbọ́n yìí kan náà gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, tí ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, kí ẹ̀fọ́ àti tòmátò àwọn àgbẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Ní ọdún 2000 ni wọ́n fi ẹ̀bùn Rolex dá a lọ́lá. Ó kú ní 2010. Ilẹ̀ gbígbẹ bíi ti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tí ó bá gbé e lọ sí Èkó ní oṣù Òkúdu yóò kàn wí pé àwọn ará Àríwá tan òun jẹ.

Ti gángan, díẹ̀ ni n óò sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dùn jù. Ọmọ àyàn kan wà ní kíláàsì. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí a bá fi apá há ọsán, ohùn a gòkè. Mo so wáyà tín-ín-rín kan rọ̀, mo fi omi lítà kan sí ìdí rẹ̀, mo ta á. Mo ní kí wọ́n sọ iye omi tí yóò mú ohùn rẹ̀ gòkè di ìlọ́po méjì, gẹ́gẹ́ bí ohùn ọmọ ti rí sí ohùn bàbá nígbà tí wọ́n bá jọ ń kọ orin kan. Gbogbo wọn ní lítà méjì. Ọmọ àyàn nìkan ni ó mi orí. Ó ní kò lè jẹ́ méjì, nítorí bí ohùn bá ti ń lọ sókè ni apá ń ro ni sí i. Lítà mẹ́rin ni. Ìlọ́po méjì ní ohùn, ìlọ́po mẹ́rin ní fífà. Apá rẹ̀ ti mọ òfin náà ṣáájú kí n tó kọ ọ́ sára pátákó.

Èmi yóò fi ẹ̀tọ́ fún àwọn tí ó ń bá wa jiyàn. Ohun ojoojúmọ́ a máa tan ni jẹ. Ojoojúmọ́ ni à ń rí i pé ọmọlanke tí a kò tì mọ́ a dúró, nítorí náà gbogbo ọmọ gbà pé ohun tí ń rìn gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ń tì í. Aristotle náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì tó nǹkan bí ẹgbàá ọdún kí ayé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ pẹ̀lú ń purọ́. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan irin ìjókòó wọn ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kí wọ́n sì fi kan pákó rẹ̀. Wọ́n búra pé irin tutù ju pákó lọ. Tẹmómítà ní ọgbọọgba ni. Irin kàn ń tètè gba ooru lọ́wọ́ ẹni ju pákó lọ ni. Bí a bá dúró sórí ohun tí a rí nílé nìkan, a ó máa yí po lójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ibo ni a ó ti mú ìrọ́ náà jáde bí kò ṣe níbi tí ó sá pamọ́ sí? Ọmọ tí a kọ òfin Newton fún, tí kò sì bá ọmọlanke rẹ̀ jà, yóò gba máàkì nínú ìdánwò, yóò sì padà sílé bá Aristotle gbé.

Bí wọ́n bá sì ń wí pé kò bá iyì ẹ̀kọ́ mu, kí wọ́n rántí àwọn tí ó dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń lu ihò sínú ìbọn àgbá ní Munich ni Rumford dúró sí tí ó fi rí i pé ooru kì í tán níwọ̀n ìgbà tí ẹṣin bá ṣì ń yí ẹ̀rọ, ó sì ka ọ̀rọ̀ náà fún àwọn onímọ̀ ní London ní 1798. James Joule, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n okun títí di òní, ilé ìpọntí ni ìdílé rẹ̀ ní lẹ́bàá Manchester. Ọmọ tí ó bá dàgbà nídìí ọtí pípọn gbọ́dọ̀ mọ tẹmómítà lò. Òun ni ó so ẹrù rọ̀ kí ó máa já bọ́, kí ó sì máa ro omi bí ẹni ń ro ọkà, tí ó wọn bí omi náà ti gbóná tó. Iṣẹ́ ilé wọn ni wọ́n gbé dé yàrá ìwádìí. Èwo ni ó wá burú nínú amù?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn ni wọ́n kọ orúkọ. Àwọn ọmọbìnrin méje ni ó kọ físíìsì sílẹ̀, ọmọ ẹlẹ́kọ sì wà nínú wọn. Àwọn mìíràn fi í sílẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ wí fún mi pé òun gbádùn rẹ̀ ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ pọ̀ jù, n kò sì bá a jà. Bí mo ti ń di ẹrù mi ni ọmọ ẹlẹ́kọ wá bá mi. Ó ní, “Sà, bí a bá gbé amù síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ṣé yóò tutù ju èyí tí ó wà lẹ́yìn ògiri lọ ni, àbí yóò kàn tètè tutù?” N kò dá a lóhùn. Mo bẹ ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì jẹ́ kí ó yá tẹmómítà méjì.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún tí ó tẹ̀ lé e dé, ó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ìkòkò méjì ni ó lò. Lẹ́yìn wákàtí kan, ti inú atẹ́gùn ka 24, ti ẹ̀yìn ògiri ka 26. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà ti pẹ́ nílé ju èkejì lọ, ó sì ṣeé ṣe kí amọ̀ rẹ̀ ti dí. Ó ní òun yóò pààrọ̀ ipò wọn lọ́la, kí òun sì tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀.